Rísífà Tí Kò Mọ Ọdún

Láàárọ̀ ọjọ́ tí alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ wá yẹ ilé iṣẹ́ ìwọ̀n wọn wò, Ìyá Oníṣẹ́jú kò lè fi nǹkan kan kan ẹnu. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí obìnrin náà lè bá ènìyàn fa wàhálà lórí ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn tó ń tún rédíò panápaná àti ti ọkọ̀ aláìsàn ṣe ló ń kó irinṣẹ́ ìwọ̀n wọn wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó lè fi wọ́n wé àpótí ìwọ̀n tó wà lórí tábìlì. Bí àpótí yẹn bá purọ́ pẹ́nrẹ́n, gbogbo wọn ti di òpùrọ́ nìyẹn.

Kírísítálì kan, òkúta kékeré tó ń dán, ló wà nínú àpótí náà, tí iná ń mú gbọ̀n nígbà mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ooru á tì í síwájú, òtútù á fà á sẹ́yìn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi rísífà GPS ṣọ́ ọ: rísífà á gba aago lọ́dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì ojú ọ̀run, á máa kan kírísítálì lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn á sì tún ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tò.

Rísífà méjì ló wà lórí tábìlì. Tuntun ni èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin rà, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú mọ́tò kí awakọ̀ má baà ṣìnà. Ògbólógbòó ni ìkejì. Bàbá wọn ló tú u lára òpó tẹlifóònù kan tí wọ́n wó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Ìyá Oníṣẹ́jú fi wò wọ́n. Tuntun mọ ibi tó wà níbikíbi tí wọ́n bá gbé e dé, ṣùgbọ́n bó bá kàn ṣáájú àkókò lónìí, á kàn lẹ́yìn àkókò lọ́la. Ògbólógbòó gba odidi ọjọ́ kan kó tó mọ ibi tó jókòó sí, ṣùgbọ́n bó ti mọ̀ ọ́n tán, kò tún wá ibi tó wà mọ́. Àkókò nìkan ló ń kà, kì í sì í ṣì í kà.

Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀sẹ̀ ni àwọn sátẹ́láìtì fi ń ka ọjọ́, bí wọ́n bá sì ti ka ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́rìnlélógún, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ògbólógbòó kò mọ̀ pé wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó kù díẹ̀ kó pé ogún ọdún sẹ́yìn ló ń fi hàn lójú rẹ̀. Ẹni tó ní orí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò ní orí.

“Àbúrò, ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ yìí pa ni?” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń làágùn. “Ọkùnrin yẹn á rí ọdún yẹn, á ní orí wa ti yí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọdún kọ́ la fi ń ṣọ́ kírísítálì.”

“Tí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ wa ńkọ́? Ibo la ó gbé Bàbá sí?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún un lọ́kàn. Bàbá wọn ló jókòó sí ìkángun tábìlì yẹn, tó ń tú nọ́ọ̀tì irin, tó tún ń dè é padà. Ó ti tó ọdún méjì tí iyè Bàbá ti ń ra. Tí wọ́n bá wà nílé, ṣe ni wọ́n máa ń wá ilẹ̀kùn kiri, tí wọ́n á máa sunkún. Ibí yìí nìkan ni ọkàn wọn ti ń balẹ̀. Ẹ̀rù ba Ìyá Oníṣẹ́jú gidigidi. Síbẹ̀ ó gbé ògbólógbòó, ó sì dè é mọ́ inú àpótí.

Alábẹ̀wò dé, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ rísífà.

“Kí lèyí? Ọdún wo lẹ wà níbí?”

Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, Bàbá ti gbé orí sókè. “Ó tọ̀nà! Òní náà nìyẹn. Ìyàwó mi ń bọ̀ wá mú mi lọ́sàn-án.”

Ọdún kọkànlá rèé tí ìyàwó Bàbá ti kú. Ẹ̀gbọ́n dorí kodò.

“Ẹ wọ̀n ọ́n, sà,” ni Ìyá Oníṣẹ́jú wí.

Alábẹ̀wò gbé aago tirẹ̀ wọlé láti inú ọkọ̀, ó so wáyà pọ̀. Wákàtí kan gbáko ló fi wọ̀n ọ́n. Fáànù ń yí. Nígbà kan ọkùnrin náà ṣíjú, ó fìka kan gíláàsì ojú rísífà, ó tún kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó tú wáyà.

“Kò yẹ̀,” ló wí, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé àṣẹ wọn. “Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi kọ ọjọ́ sínú ìwé. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan yìí kọ ọ́ láéláé.”

Ìyá Oníṣẹ́jú gba bírò, ó kọ ọjọ́ òní gan-an sórí ìwé náà, oṣù rẹ̀ àti ọdún rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ọkùnrin náà lọ tán, Bàbá wo ojú rísífà, wọ́n wo ilẹ̀kùn.

“Ìyá yín mà pẹ́ o.”

Ẹ̀gbọ́n la ẹnu láti sọ òtítọ́, bó ti máa ń ṣe, tí Bàbá á sì sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ìyá Oníṣẹ́jú yára gbà á lẹ́nu rẹ̀.

“Wọ́n ti wà lọ́nà, Bàbá. Wọn ò ní pẹ́ dé.”

Bàbá mi orí, wọ́n sì tún mú nọ́ọ̀tì irin wọn.