Níbi Tí Ohùn Òkun Kò Ti Dé Etí Ọba

Òórùn edé tí wọ́n ń yan lórí iná igi ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀ etí omi wa, ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí ìlú wa. Lẹ́yìn òórùn yẹn ni wàá gbọ́ òkun, tí kì í sinmi, bí ẹ̀gbọ́n tó ní ẹjọ́ púpọ̀ láti rò. Ìgbà náà ni wàá tó rí àwọn ilé pákó lórí òpó, àti afárá pákó tó so ẹnu ọ̀nà kan mọ́ òmíràn. Má wulẹ̀ wá ibẹ̀ lọ o. Ó ti di omi. Bí mo bá sọ fún ọ pé mo ṣì lè fi ojú inú rìn láti ẹnu ọ̀nà ìyá mi dé ààfin láìjábọ́ sómi, gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Ààfin tí mo wí yìí, má fi ojú ààfin àwọn ará òkè wò ó. Ilé pákó bíi ti gbogbo wa ni, àfi pé páànù tiẹ̀ kì í jò. Ọlọ́jà là ń pe ọba wa. Nígbà tí mo ṣì kéré, Ọlọ́jà kan ti kó lọ sí Èkó pátápátá. Ọjọ́ ọdún nìkan la máa ń rí i, tòun ti bàtà funfun, yóò máa bi wá léèrè pé ọmọ ta ni wá. Nígbà tó wàjà, ìlú ní kí a tó fi ẹlòmíràn jẹ, a máa kọ ìwé òfin. Àwa tó kàwé ni wọ́n gbé e fún: èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gígùn gígùn lẹ́nu, àti Tíṣà, ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú, tí bírò kì í kúrò létí rẹ̀. A jiyàn títí ohùn wa fi há. Ṣé ọba ló ni òfin ni, àbí òfin ló ni ọba? Tíṣà ní òfin ni ọgbà, ọba sì ni ewúrẹ́.

“Ewúrẹ́ wo nìyẹn?” Baba tí a fẹ́ fi jọba ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa. A ò mọ̀ pé ó ti wọlé.

Bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ létí Tíṣà. Baba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣáà rí i pé koríko wà nínú ọgbà náà.”

Abala tó dùn mọ́ wa jù nìyí: *Ọlọ́jà tó bá lọ tẹ̀dó síbi tí ohùn òkun kò ti dé etí rẹ̀, oyè ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀.* Nílùú ẹlòmíràn, máìlì ni wọn ì bá fi wọn ọ̀nà. Àwa, etí la fi wọ̀n ọ́n. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé ọba lè sá fún òkun. Kò sẹ́ni tó rò ó pé òkun lè dìde wá bá ọba.

Ó sì dìde. Ó kó pápá tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó kó ilé àdúrà, ó kó yàrá tí wọ́n ti bí mi. Ìlú bá kó lọ sí òkè odò, níbi tí igi ẹ̀gbà ti ṣú, tí gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, tí èèyàn ò gbọ́ òkun mọ́. Gbogbo èèyàn ló lọ, àfi Ọlọ́jà. Omi ń gbá òpó ààfin, pákó ń ké, Baba jókòó sórí àga rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́,” ló wí nígbà tí èmi àti Tíṣà lọ bẹ̀ ẹ́. “Bí mo bá lọ gbé ọ̀hún, n kì í ṣe ọba yín mọ́. Ẹ sọ pé irọ́ ni.”

A ò lè sọ pé irọ́ ni. Tíṣà ní kí á yí abala náà padà, àmọ́ àwa kan náà la kọ ọ́ pé inú gbọ̀ngàn ìlú, lójú Ọlọ́jà, nìkan la ti lè yí òfin padà. Gbọ̀ngàn ti wà nísàlẹ̀ òkun. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé ìwé wa ló máa pa baba yìí.

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́jà lóbìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló tú kókó náà. Lórí ilẹ̀, orúnkún méjèèjì ni Màmá fi ń kí àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà létí omi wa tó dàgbà ju ìwé òfin èyíkéyìí lọ: a kì í kúnlẹ̀, a kì í dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀, kó má baà dojú dé. Ẹni tó di àjẹ̀ mú ní ìdí ọkọ̀ ni gbogbo èèyàn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ọba pàápàá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí omi rọ̀, Màmá wa ọkọ̀ rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé dé àtẹ̀gùn ààfin. Ọkọ̀ gbogbo ìlú tẹ̀ lé e, wọ́n sì so wọ́n mọ́ra títí wọ́n fi tẹ́ rẹrẹ bí ilẹ̀ gbọ̀ngàn.

“Kábíyèsí, gbọ̀ngàn dé o. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí i.”

“Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ yín. Ẹ fẹ́ jí mi gbé.”

“Ajínigbé wo ló ń gbé edé yíyan dání?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ ti kan ọkọ̀ báyìí, ohùn Màmá yí padà. “Ọmọ ìyá mi, ta ní ń pàṣẹ níbí?”

“Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Jókòó sí àárín, má mi ọkọ̀ fún mi. Tíṣà, ka ohun tí ẹ fẹ́ fi pa àbúrò mi.”

Tíṣà kà á. Màmá ní, “Yọ *òkun* kúrò níbẹ̀. Fi *wa* sí i.”

Gbogbo ìlú fi àjẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i nìyẹn. Ọlọ́jà ní kí wọ́n tún un kà. *Ọlọ́jà tó bá lọ tẹ̀dó síbi tí ohùn wa kò ti dé etí rẹ̀, oyè ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀.* Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan òpó ilé rẹ̀, ó ní, “Ẹ wa ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n.” Kò bojú wẹ̀yìn. Èmi ni mo bá a wo ẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà, mo ti bá àwọn tó kàwé jù mí lọ jiyàn lórí ọba àti òfin. Ọ̀rọ̀ kan tí Màmá yọ, tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ni mo ṣì máa ń mú lọ síbẹ̀. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé báyìí. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló ń jí mi láàárọ̀. Mi ò jọba rí, síbẹ̀ abala yẹn máa ń gún mi láyà. Bí àárò bá fẹ́ pa mí, mo máa ń tẹ Tíṣà láago. Òun ò kúrò lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú wa lókè odò. N kì í ní ọ̀rọ̀ kan pàtó láti sọ. Ariwo ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́, àwọn obìnrin tó ń jà lórí edé, ọmọ tí wọ́n ń pè tí kò dáhùn.

Ó mọ̀ mí. “Ṣé ò ń gbọ́ wa?” ni yóò bi mí.

“Mò ń gbọ́ yín o.”

“Ó dáa. Oyè rẹ ò tíì bọ́.”