Dígí Tí Kò Dúró Lójú Kí-ló-fà-á

Kí-ló-fà-á ni gbogbo wa ń pe ọ̀rẹ́ mi. Ó ń tún aago ṣe, èmi ń rán bàtà, a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan. Tí aago bá kú, kò ní jí i títí yóò fi mọ ohun tó pa á, bí oníbàárà tilẹ̀ ń kùn.

Ihò ojú ọ̀tún ló máa ń há dígí kékeré tó fi ń wo inú aago sí. Lọ́dún tó kọjá, dígí bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ó ní dígí ló sunkì. Ó ra tuntun, ìyẹn náà bọ́. Mo wò ó lójú dáadáa: ẹyinjú rẹ̀ ti yọ síta.

Mo ní, "Dígí kọ́. Ojú rẹ ló ń tì í."

"Kí ló fà á?" Mo mọ̀ pé ohun tó máa sọ nìyẹn.

Nígbà tó di pé ọwọ́ aago méjì ń di mẹ́rin lójú rẹ̀, mo fà á lọ bá dókítà ojú. Tí ojú yẹn bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn.

Dókítà ní, "Bàbá, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín tó ń bá àrùn jà. Wọ́n ti ṣì yín mú bí ọ̀tá. Ẹ̀yà ara kan ní iwájú ọ̀fun, tó ń darí bí ara ṣe ń yára ṣiṣẹ́ sí, ni wọ́n kọ lù. Àmì tó wà lára rẹ̀ wà lára ẹran ẹ̀yìn ojú náà, ni wọ́n bá dé ibẹ̀. Ẹran wú, egungun ò jẹ́ kó ráyè, ló bá ń ti ojú síta."

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

"Ṣé wọn ò mọ̀ mí ni?" ni ọ̀rẹ́ mi bi í.

"Wọ́n mọ̀ yín tẹ́lẹ̀. A ò tíì mọ gbogbo ohun tó mú wọn gbàgbé."

Inú ọ̀rẹ́ mi dùn bí ẹni rí aago tí kò rí irú rẹ̀ rí. Inú bí mi gan-an pé àìsàn ń dùn mọ́ ọn.

"Oògùn á mú wọn rọlẹ̀," ni dókítà wí, "àmọ́ sìgá tí ẹ ń mu ń rú wọn sókè."

"Sìgá ló fà á?"

"Rárá. Ó kàn ń dá kún un ni."

Ọ̀rẹ́ mi yọ páálí sìgá lápò, ó gbé e sórí tábìlì dókítà. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ èyí tí mo mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn; láràárọ̀ ló ń dán dígí wò, láràárọ̀ ló ń bọ́. Lánàá ó há a sójú, ó ṣí aago kan, dígí ò mira.

Ó bi mí pé, "Kí ló fà á tó fi dúró?"

Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, kó máa ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ kó rí omi tó wà lójú tèmi.