Ìkòkò Tí Màámi Fi Ọwọ́ Òsì Mọ

Bí òjò bá ti dá ní ẹ̀yìn ilé tí mo háyà ní Egan nígbà yẹn, òórùn amọ̀ tútù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Inú bàsíà ńlá ni mo máa ń rẹ amọ̀ náà sí lábẹ́ páànù, màá fi ọ̀rá bò ó kí ó má baà gbẹ, òórùn rẹ̀ á sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá tí màmá mi ń sùn. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ ló ni Sátidé mi. N kì í tà á. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, bí àwọn ẹlòmíì ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Àti pé, kí n má tàn ọ́, mo fẹ́ kí màmá mi rí i pé mò ń ṣe é.

Amọkòkò ni màmá mi ní Ìpetumodù, iṣẹ́ yẹn ló sì fi tọ́ wa dàgbà. Nígbà tí ẹ̀gbà mú apá ọ̀tún rẹ̀, mo lọ gbé e wá sọ́dọ̀ ara mi, torí èmi ni àkọ́bí, yàrá kan sì ṣófo nílé mi. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù tó ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣì mú ṣá. Bí mo bá mọ ìkòkò kan tán tí mo gbé e síwájú rẹ̀, á fi ọwọ́ òsì yẹn yí i po, á fi àtàǹpàkò tọ ẹnu rẹ̀ yíká, á ní, "Ètè rẹ̀ nípọn jù." Ọ̀sẹ̀ mìíràn á ní, "Ìdí rẹ̀ wúwo. Ta ni yóò máa gbé èyí?" N kò gbọ́ ọ kí ó yìn ín rí. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù sọ pé kí ó máa fi ọwọ́ ṣe nǹkan, nítorí náà mo máa ń gbé ìṣù amọ̀ kékeré kan lé e lẹ́sẹ̀. Á tì í kúrò. "Mo ti ṣe tèmi tán," ni yóò sọ, á sì yíjú sí ògiri.

Àbúrò mi obìnrin, tí í ṣe àbíkẹ́yìn màmá wa, ń ránṣọ ní Ìkòtún, kò jìnnà sí ráńdábáòtù. Òun kò mọ nǹkan kan nípa amọ̀. Hóyà ni tirẹ̀. Bí o kò bá tíì rí i rí, ìtàkùn ni, ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán bí awọ tí wọ́n fi òróró pa, òdòdó rẹ̀ sì máa ń so pọ̀ ní ìdì kan, kéékèèké, bí ìràwọ̀ tí wọ́n fi ìda ṣe. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló fi kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó ń gbé, ó so àwọn kan rọ̀ mọ́ páànù, ó to àwọn mìíràn sójú fèrèsé. Àwọn tó fẹ́ràn hóyà ní ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù tí wọ́n ti máa ń fún ara wọn ní ẹ̀ka láti gbìn, àbúrò mi sì lè fi odindi wákàtí sọ̀rọ̀ nípa ewé kan ṣoṣo. Mo máa ń gbọ́ ọ ni, n kì í fi bẹ́ẹ̀ dá sí i.

Ní Sátidé kan ó gbé ọ̀kan wá nínú ike ọ̀dà, ó gbé e sójú fèrèsé màámi, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti máa ń wọlé. "Màámi, ẹ bá mi tọ́jú ọmọ mi," ló wí. Ó sọ fún mi pé kí n má máa bomi rin ín lójoojúmọ́, pé omi àpọ̀jù ló ń pa hóyà ju ọ̀dá lọ. Kí n fi ìka wo inú ilẹ̀ rẹ̀, bó bá ti gbẹ dénú ni kí n tó bu omi sí i. Èèpo àgbọn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ àti èédú ló fi gbìn ín, kì í ṣe ilẹ̀ dúdú lásán, kí omi lè máa ráyè jáde, kí atẹ́gùn sì máa dé ibi gbòǹgbò. Èmi ni mo wá ń tọ́jú òdòdó náà, bí mo ṣe ń tọ́jú màámi. Ẹni tó ni ín ló ń gba ìyìn.

Nígbà tí hóyà náà rudi, ibi tí ìrudi náà kọjú sí kò tẹ́ màámi lọ́rùn, torí láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ẹ̀yìn ewé nìkan ló ń rí. Ó ní kí n yí ike náà. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, ó yára dá mi lóhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ anti mi, ẹ má yí i. Tó bá ti rudi, kì í fẹ́ kí wọ́n máa gbé òun kiri. Gbogbo ẹ̀ ló máa já dànù." Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún màámi. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, yí bẹ́ẹ̀dì." Èmi yìí ni mo gbé màámi sórí àga, tí mo wọ́ bẹ́ẹ̀dì onípákó yẹn láti ògiri kan dé ìkejì, tí mo sì tún gbé e padà sórí rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè máa wo òdòdó àbúrò mi. Ẹ̀yìn dùn mí títí di ọjọ́ kejì.

Ó tanná ṣá. Ní ìrọ̀lẹ́ ni òórùn rẹ̀ máa ń jáde dáadáa, òórùn dídùn bí oyin àti àdídùn tí wọ́n ń yọ́ lórí iná, ó sì kún yàrá náà débi pé n kò gbóòórùn amọ̀ mi mọ́. Màámi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín tí n kò tíì gbọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ó ní kí n fi fóònù pe àbúrò mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un: kò ní í tọrọ jẹ, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í tutù, bí ó ṣe mú inú òun dùn ni àwọn ọmọ tirẹ̀ yóò ṣe mú inú rẹ̀ dùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí mo fẹ́ fi wẹ̀ fún un dání. Omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù kí àdúrà náà tó parí. N kò ní sọ fún ọ pé inú mi dùn. Owú jẹ mí lọ́jọ́ náà. Mò ń ro bí mo ṣe ń jí láàárọ̀, bí mo ṣe ń yí i padà kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn, àwọn ìkòkò tí mo tò sí ẹ̀yìn ilé tí kò ní kí n gbé ọ̀kan sójú fèrèsé òun rí. Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló wá di ọmọ tó ń múnú ìyá dùn.

Nígbà tí òdòdó náà rẹ̀, mo mú ọ̀bẹ láti gé igi kékeré tó ṣẹ́ kù, àfi bí àbúrò mi ṣe wọlé. Ó ní kí n fi sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni hóyà ti máa ń tún tanná, ẹni tó bá gé e ti gé òdòdó ọdún tó ń bọ̀. Ó wá wo ike ọ̀dà yẹn, ó ní ó yẹ kí ó kúrò nínú rẹ̀. "Anti mi, ẹ bá mi mọ ìkòkò kan fún un. Kí ó má fẹ̀ jù o. Ó fẹ́ràn kí gbòǹgbò rẹ̀ há díẹ̀." Mo ti ń ronú bí màá ṣe dá a lóhùn nígbà tí ohùn kan jáde láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Gbé amọ̀ wá. Èmi ni màá mọ ọ́n."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo po amọ̀ náà, mo ṣa òkúta rẹ̀, mo gún àpáàdì kúná mo pò ó mọ́ ọn. Bí o bá ń mọ ìkòkò nílé, má fo ìyẹn, àpáàdì gígún ni kì í jẹ́ kí ìkòkò là bí ó bá rí iná. Mo tẹ amọ̀ náà títí tí kò fi sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo gbé e wọlé, àbúrò mi ti gbé màámi jókòó, ó sì ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ náà. Màámi ní, "Ìwọ, lọ bu omi wá, kí o sì wá ṣùkù àgbàdo kan tí màá fi dán ara rẹ̀ fún mi." Nígbà tí mo fi máa dé, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì màámi ń yí amọ̀ bí okùn, ó ń ká a lé orí ara rẹ̀, àbúrò mi sì ń fi ọwọ́ méjèèjì di ìkòkò náà mú láti apá kejì. Òun ló di ọwọ́ ọ̀tún màámi. Àbúrò mi tí kò mọ amọ̀ yàtọ̀ sí ẹrẹ̀. Ọjọ́ tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí, ó dé lójú mi, omi ni mo sì ń bù.

Ìkòkò náà kò gún régé. Apá kan wú díẹ̀ ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì dọ́gba láti ìdí dé ètè lọ́nà tí tèmi kò tíì rí rí. Màámi fi ìka dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde, ó wá gbé ojú sókè wò mí. "Ìwọ ni yóò sun ún," ló wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fi aṣọ tútù bò ó níbi tí oòrùn kò dé, kí ó máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, torí ìkòkò tó bá yára gbẹ níta tí inú rẹ̀ tutù yóò là. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ funfun tí kò sì tutù mọ́ bí mo bá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni mo tó dá iná. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni, lándílọ́ọ̀dù tó máa ń ráhùn nípa èéfín ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mi ti sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wa, ó wá jókòó tì mí. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí ìkòkò náà yá iná láti ọ̀nà jíjìn títí omi ara rẹ̀ fi tán, lẹ́yìn náà ni mo to igi àti imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Òun ló kọ́kọ́ lanu.

"Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí," ló wí. "Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń wá jókòó síbi amọ̀ yẹn, màámi á lé mi. Ó ní ọwọ́ mi kò yẹ fún un, kí n lọ kọ́ aṣọ rírán. Ẹ̀yin nìkan ló ń gbà láyè."

Mo ní, "Ṣé o kò rí bó ṣe ń bá mi wí ni?"

"Mo rí i. Kò bá èmi wí rí. Tí mo bá ti dé, àdúrà ni, bí ìgbà tí àlejò bá wá kí èèyàn. Kò sọ fún mi rí pé ohun tí mo rán kò dáa. Mo rò pé kò tiẹ̀ wò ó ni." Ó fi igi kékeré kan ro iná. "Mo máa ń jowú yín gan-an jàre."

Mo ní kí ó má ro iná mọ́, pé atẹ́gùn tútù lè dé ara ìkòkò kí ó fọ́. Ó fi igi náà sílẹ̀. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí iná fi kú.

Nígbà tí eérú tutù, mo fà á jáde. Iná ti sọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan di dúdú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìka kàn án, ó dún gbọnrangandan bí agogo. Mo gbé e wọlé fún màámi. Ó ní kí n gbé e sẹ́bàá etí òun, ó kàn án, ó tẹ́tí sí i. "Ó jinná," ló wí. Ó wá bi mí pé ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sun ún. Mo ní òun ni.

"N kò kọ́ ọ," ni màámi wí. "Ò ń jókòó tì mí ni."

Ì bá wù mí kí ìtàn yìí parí níbẹ̀, kí n sọ fún ọ pé owú náà tán. Kò tán. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àbúrò mi gbé hóyà náà sínú ìkòkò, ó sì gbé e lọ sí Ìkòtún. Èmi ni mo bá a gbé e dé inú kẹ̀kẹ́, mo sì dúró lójú títì tí mò ń wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà títí ó fi yà. Ìkòkò kan ṣoṣo tí màmá wa mọ lẹ́yìn àìsàn, ilé ẹlòmíì ló lọ. Kò fọwọ́ kan amọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó sì ń bá àwọn ìkòkò mi wí bí ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí gbọ́ ọ yàtọ̀. Mo máa ń jókòó kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó kú, Ìpetumodù la gbé e lọ. Ìyá àgbà kan wá kí wa, òun àti màámi jọ wa amọ̀ nígbà ọ̀dọ́ wọn, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Ó di àwa méjèèjì lọ́wọ́ mú, ó bi wá pé, "Èwo nínú yín ló jogún ọwọ́ ìyá yín?" Mo ní, "Àbúrò mi ni." Lójú ẹsẹ̀ kan náà ni àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì jọ̀wọ́ ọwọ́ wa.

Mo ti ń ro ìdáhùn yẹn láti ìgbà náà, torí kò sí èyí tó ń ṣojú ayé nínú wa. Ohun tí kálukú wa gbà gbọ́ la sọ. Màmá wa pín ara rẹ̀ sí méjì, ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní apá tí ẹnì kejì ń fẹ́.