Omi Tí Ọkọ Mi Kò Fọwọ́ Kàn

Nígbà tí lẹ́tà náà dé ilé wa ní Bódìjà, ọkọ mi kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà wọ́n kà á fún gbogbo ẹni tó bá ní etí ládùúgbò. Àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Áfíríkà fẹ́ ṣe ìpàdé ní Ádísì Ábábà, ní Etiópíà, wọ́n sì ní kí ọkọ mi wá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọkọ mi kò kà sókè: pé ẹni tí a pè lè mú ìyàwó rẹ̀ dání. Èmi ni mo rí i nísàlẹ̀ ìwé nígbà tí mò ń tún tábìlì ṣe.

“Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?” ni ọkọ mi bi mí. “Òtútù wọn kì í ṣe kékeré.”

Mo ní, “Mo ní súwẹ́tà, sà.”

Báyìí ni mo ṣe bá wọn lọ. Òmìnira orílẹ̀-èdè wa kò tíì pẹ́ nígbà náà, gbogbo ọkùnrin tó bá sì ti wọ ọkọ̀ òfuurufú ti di aṣojú Nàìjíríà. Ọkọ mi lọ sí Dùgbẹ̀, wọ́n ra fìlà òyìnbó àti bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ń ké bí ẹyẹ bí wọ́n bá ti ń rìn.

Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ìwé girama. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ya òkè tó ń pọ iná sójú pátákó: ṣọ́ọ̀kì pupa fún iná, funfun fún èéfín, búlúù fún adágún omi tó máa ń kún ẹnu òkè náà lẹ́yìn tí iná bá kú. Mo mọ̀ ọ́n yà dáadáa. Kìkì pé n kò rí ọ̀kan rí láyé mi. Omi tó tóbi jù tí mo ti fojú rí ni ti Ẹlẹ́yẹlé tí ìjọba sé fún wa.

Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ ní ìpàdé náà. Ní ọjọ́ kẹta, bóyá ọ̀rọ̀ ti tán ni o, bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n ni, wọ́n ní kí àwọn tó bá fẹ́ gbafẹ́ wá. Adágún kan wà lórí òkè, wákàtí mélòó kan sí ìlú, ní ẹnu òkè tó ti pọ iná rí. Ní àárín omi náà ni erékùṣù kan wà, àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ fún Ọlọ́run, sì ti kọ́ ilé ìsìn wọn síbẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Olùkọ́ ọmọ ìlú náà kan, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ló mú wa lọ.

Nígbà tí a dé etí òkè, mo wo ìsàlẹ̀. Omi náà dúró jẹ́ẹ́ nínú ihò ńlá kan, ó dúdú, ó tún ń tàn, àwọn òkè sì yí i ká gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń yà á. Àṣé irọ́ kọ́ ni mò ń pa fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Ó jọ Ẹlẹ́yẹlé.”

“Ẹlẹ́yẹlé tí iná gbẹ́ ihò rẹ̀, sà?”

“Omi ni omi ń jẹ́.”

Olùkọ́ náà sọ pé a lè fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀, pé ẹṣin sì wà fún ẹni tí kò bá lè rìn. Ọkọ mi ní ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwọn, ẹṣin ni àwọn baba ńlá àwọn fi jagun. Wọ́n gun ẹṣin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹṣin náà dúró jẹ koríko. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó yà wọ inú ẹrọ̀fọ̀ lẹ́bàá odò kékeré kan, ó sì kọ̀, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Aṣojú Nàìjíríà ní láti sọ̀ kalẹ̀. Bàtà Dùgbẹ̀ wọlé dé ọrùn ẹsẹ̀.

“Ẹṣin yìí kò gbédè,” ni ọkọ mi wí.

“Èdè wo lẹ fi bá a sọ̀rọ̀, sà?”

“Yorùbá ńkọ́!”

A wọ ọkọ̀ tí wọ́n fi igi gbẹ́ lọ sí erékùṣù náà. Mọ́ńkì àgbàlagbà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn, aṣọ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó sọ̀rọ̀. Ojú ti olùkọ́ náà kí ó tó lè túmọ̀ rẹ̀ fún wa: obìnrin kì í wọ ibẹ̀.

Ọkọ mi gbá mi léjìká. “Má dààmú. Màá bá àwa méjèèjì wò ó.” Wọ́n bọ́ bàtà ẹlẹ́rọ̀fọ̀ sílẹ̀, wọ́n bá àwọn ọkùnrin yòókù wọlé.

Mo jókòó sórí òkúta, inú ń bí mi. Kò pẹ́ tí ìyá arúgbó kan jáde láti inú ahéré kan lẹ́yìn ọgbà. Ó ti fá orí, ó fi aṣọ funfun wé e. Mo mọ̀ pé òun náà ti fi ayé sílẹ̀ fún Ọlọ́run, àmọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn kò gba òun náà. Ó bu ọkà bálì yíyan sí mi lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ gbà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí dìde, ó sì mú mi lọ́wọ́ lọ sísàlẹ̀ láàárín àwọn òkúta.

Omi kan ń sun níbẹ̀, èéfín díẹ̀ ń jáde lára rẹ̀. Ìyá náà mú ọwọ́ mi, ó tì í bọ inú omi. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Iná tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì yà fún ọdún mẹ́jọ ló ń gbóná sí mi lọ́wọ́ yìí, láti abẹ́ ilẹ̀ wá. Mo ní, “Ìyá, ẹ ṣeun o,” ní Yorùbá, òun náà dá mi lóhùn ní èdè tirẹ̀. Ó bu omi náà sí mi lórúnkún, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pa á. Mi ò mọ̀gbà tí omijé bọ́ lójú mi.

Nígbà tí ọkọ mi jáde, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí.

“Òkùnkùn. Wọn kò ní àga. Wọ́n mú wa dúró, wọ́n ń kàwé tí n kò gbọ́. Mo rò pé mo sùn lórí ìdúró.”

Èmi ni mo ròyìn omi gbígbóná fún wọn títí a fi dé ìlú. Wọ́n kàn ń nu ẹrọ̀fọ̀ kúrò lára bàtà wọn. Mo rò pé wọn kò gbọ́ ni.

Wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn tí a padà sí Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí ọkọ mi wá ròyìn ìrìn àjò wọn. Gbọ̀ngàn kún. Ọkọ mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, wọ́n sọ bí mọ́ńkì ṣe mú àwọn lọ síbi omi iná, àti bí àwọn ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyá ìjọ kan béèrè báwo ló ṣe gbóná tó.

“Ó ń hó ni, mà! Ẹyin á jinná nínú rẹ̀.”

Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn ni mo gbọ́ ohùn ara mi. “Kò hó, mà. Bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun ló ṣe lọ́wọ́ọ́wọ́.”

Gbogbo orí yí sí mi. “Háà, ṣé ẹ̀yin náà lọ ni?”

Nínú wákàtí kan yẹn, ọkọ mi kò rántí mẹ́nu kàn án pé mo bá wọn lọ. Wọ́n húkọ́, wọ́n fi aṣọ nu ìgò ojú wọn. Bí a ti ń rìn lọ sílé, wọ́n ní, “Ó yẹ kí o ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kò hó.”

Mo ní, “Mo sọ ọ́, sà. Nínú ọkọ̀.”

Wọ́n rìn díẹ̀ sí i. Wọ́n wá ní, “Má bínú.” N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí wọ́n tún un sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ pè mí. Wọn kò béèrè nípa òkè iná rárá. Ìyá arúgbó yẹn ni wọ́n ń bi mí: Ṣé ó bímọ? Ta ló ń se oúnjẹ fún un? Bó bá ṣàìsàn, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Èmi olùkọ́ tó mọ ohun gbogbo, n kò mọ ọ̀kankan. N kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.