Àlejò Tí A Ń Bọ́

Ajá ni ẹkùn fẹ́ràn jù. Mi ò kà á nínú ìwé o, abúlé wa lẹ́yìn Òde-Ayé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Adìyẹ ló kọ́kọ́ ń kó, ó kan ewúrẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó tọ́ ajá wò, kò wo ibòmíràn mọ́. Tàkúté wáyà ti pa ẹtu àti ọ̀yà inú igbó tán, kí ni ẹ fẹ́ kó jẹ?

Wọ́n ní ká má dárúkọ rẹ̀, àlejò là ń pè é. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí kálukú ti ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gẹ́ ń jẹrà lóko nítorí kò sẹ́ni tó láyà láti lọ wà á. Àwa àti ewúrẹ́ jọ ń mí nínú yàrá kan náà, ìtọ̀ wọn ń ta mí nímú, ayé sú mi.

Bàbá mi ló dábàá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi: "Àlejò tó bá yó á lọ. Kí ilé kọ̀ọ̀kan máa so ẹran kan sétí igbó fún un." Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Àlejò jẹ, ó yó, kò lọ. Ta ló ń jẹun ọ̀fẹ́ tó ń dẹrù ilé?

Nígbà tó tún yí kan ilé wa, a ti fi ewúrẹ́ wa bọ́ ọ tán. Ajá kan ló kù, èyí tó ń sin bàbá mi lọ sóko láràárọ̀.

Ìyá mi ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò ṣe mọ́."

"Ojú wo ni n ó fi wo àwọn tó ti mú tiwọn sílẹ̀?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi fi orí ẹja tan ajá náà lọ sétí igbó, ó so ó mọ́ ìdí ọ̀pẹ. Ajá ń ju ìrù sí i. Bàbá mi wọlé, kò jẹun, inú sì ń bí mi sí i gidigidi.

Ìyá mi ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó kígbe, "Jésù, o ṣeun!" Ajá ló sùn sẹ́nu ọ̀nà, àjákù okùn tó fi eyín gé wà lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tí òjò dé, àlejò bá tirẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá mi gbé àdá, ó súfèé sí ajá. Ajá wò ó, kò dìde. Bàbá mi tún súfèé, ó wá dá lọ sóko.