Iṣẹ́ Tí Kò Lẹ́jẹ̀ Nínú

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ṣe iṣẹ́ olùdámọ̀ràn, nígbà tí ọ̀dà tí wọ́n fi kọ orúkọ ìpínlẹ̀ tuntun sára pátákó kò tíì gbẹ. Iṣẹ́ mi ni pé kí n wo máàkì ọmọ àti ohun tó fẹ́ràn, kí n sì sọ ibi tí yunifásítì ti lè gbà á. Ìyẹn ni ìjọba rò pé mo ń ṣe o. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ àwọn òbí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo ilé ló fẹ́ ní dókítà tirẹ̀, àfi bí ẹni pé àìsàn fẹ́ kó wọ ìlú.

Bàbá Bọ́sẹ̀, àgbẹ̀ kòkó, ló le jù nínú wọn. Bọ́sẹ̀ mọ ìṣirò dunjú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń pa adìẹ lẹ́yìnkùlé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún baba rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ adìẹ nìyẹn, Tísà," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ èèyàn yàtọ̀. Uṣẹ́ dókítà lọmọ mi á ṣe."

Èsì ìdánwò dé, máàkì Bọ́sẹ̀ kò tó ti ìṣègùn. Ṣùgbọ́n yunifásítì ní àwọn yóò gbà á fún ìṣirò, nínú ètò àkànṣe tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn fi ń kọ́ ìwọ̀nba ọmọ tí ọpọlọ wọn pé jù. Inú mi dùn dé gongo. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a gbọ́dọ̀ fèsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò fi àyè náà fún ẹlòmíràn.

Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ti ra ewúrẹ́ ìdúpẹ́ dókítà. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń dúpẹ́ ṣáájú, kí ojú lè ti ẹni tó bá fẹ́ yí i padà. Bọ́sẹ̀ sunkún lọ́fíìsì mi títí, àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, níbi ìdúpẹ́ náà, pásítọ̀ pe Bọ́sẹ̀ ní "Dókítà wa", ìjọ pàtẹ́wọ́. Àṣé àwọn àgbàlagbà gbọ́ ọ dáadáa. Bí a ṣe jáde ìsìn, wọ́n yí ọmọ náà ká: ẹnìkan di ìbàdí mú, òmíràn la ẹnu sílẹ̀. Ìyá àgbà, tó bí Bàbá Bọ́sẹ̀, jókòó, ó sì tú àkísà kúrò lójú egbò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó. Ùwọ ni mo ti ń retí."

Bọ́sẹ̀ wò ó, ó dákú lé ìyá àgbà lẹ́sẹ̀.

Ìyá àgbà tú gèlè, ó ń fi fẹ́ ẹ. Ó wá gbójú sókè wo Bàbá Bọ́sẹ̀. "Èmi aláìsàn ni mo wá ń tọ́jú dókítà. Kí la tiẹ̀ ń dúpẹ́ fún?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí aago tó lù, Bàbá Bọ́sẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó di fìlà mọ́wọ́.

"Tísà, ìṣirò yẹn, ṣé kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀?"

"Kò sí, Bàbá."

"Egbò ńkọ́?"

"Ṣọ́ọ̀kì nìkan ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ bá wa fèsì."

Nígbà tí Bọ́sẹ̀ jáde yunifásítì, tó ta gbogbo kíláàsì rẹ̀ yọ, ewúrẹ́ mìíràn tún kú. Pásítọ̀ kọ́kọ́ yọ́ wá bi mí bóyá ó ti parí lóòótọ́, kó tó kéde. Ìyá àgbà jó dé iwájú pẹpẹ. Nọ́ọ̀sì ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn. Mo ń nu omijé ayọ̀ lójú nígbà tí Bàbá Bọ́sẹ̀ fa àbúrò Bọ́sẹ̀ wá síwájú mi.

"Tísà," ó ní, "eléyìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ewúrẹ́ náà."