Ohun Tí Ìbùkún Tọrọ Lọ́wọ́ Lékeléke

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi sìn mí dé ìdí ọkọ̀, wọ́n ní, "Bọ́lá, bá mi la ẹnu ọmọ yẹn." Ìbùkún ni wọ́n ń sọ, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí àbúrò mi ọkùnrin bí sí Akra. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́. Ìyá mi kò sì gbọ́ èdè mìíràn. Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, èémí ọmọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

A gba Sẹ̀mẹ̀, a la Kútọnu àti Lómé kọjá. Ìbàdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já kí n tó dé ilé àbúrò mi ní Kotobabi, ládùúgbò kan ní Akra.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí, mo sì kó ìwé dání. Bí mo ṣe ń ṣí ìwé ni Ìbùkún ń pa ẹnu dé. "Àǹtí, mentumi," ó ní. Èdè Twi tiwọn níbẹ̀ nìyẹn: mi ò lè ṣe é. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé bí òun bá sọ Yorùbá, ẹ̀rín ni bàbá òun máa ń fi òun rín. Inú bí mi sí àbúrò mi gan-an.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo fi ìwé sílẹ̀. Mo mú un wọ tròtrò, ọkọ̀ akérò tiwọn, lọ sí etí ọ̀sà Sakumono lọ́nà Tema. Méètì, ìyẹn kọ̀ńdọ́, gba ogún sídì lọ́wọ́ àwa méjèèjì. A ra kẹ́ńkè àti ẹja díndín. Kẹ́ńkè jọ ẹ̀kọ tiwa, àmọ́ ó le, ó sì kan lẹ́nu. Mo bú u títí, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Lékeléke kún orí koríko, wọ́n funfun báláú. Mo sọ fún Ìbùkún pé nílé wa, ọmọdé máa ń na ìka sí wọn bí wọ́n bá ń fò kọjá, láti tọrọ àmì funfun sí èékánná. Mo ní ẹyẹ kì í fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Mo na ọwọ́ mi, mo pariwo, "Lékeléke, tèmi dà?" Apẹja kan wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Lójijì, gbogbo wọn gbéra. Ìbùkún sáré tẹ̀ lé wọn.

"Lékeléke! Fún Màmá! Fún Màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́!"

Omi bọ́ lójú mi. Ohun tí ọmọ bá fẹ́ dénú ló ń la ẹnu rẹ̀, kì í ṣe ìwé mi.

Nígbà tí mo padà délé, ìyá mi kò bèèrè ọ̀nà. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Ìbùkún pè mí. Ó ní, 'Màmá, ẹ wo èékánná.' Ojú mi ò ríran tó mọ́. Bá mi wò ó, ṣé àwọn lékeléke ti fún mi?"

Mo di ọwọ́ wọn mú. "Wọ́n ti fún yín, Màámi."